Ẹ̀rọ Ìgégi Oníbẹntiróòlù fún Iṣẹ́ Gidi: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Ẹ̀rọ ìgégi tí mo kọ́kọ́ fi owó ara mi rà tóbi ju iṣẹ́ mi lọ. Ó lé ní 90 cc (cc ni ìwọ̀n àyè inú ẹ́ńjìnnì), báà rẹ̀, irin pẹlẹbẹ tí ṣéènì ń yí lára rẹ̀, sì gùn débi pé mi ò rí ibi tó gbà á nínú ọkọ̀. Èrò mi nígbà náà ni pé ẹ̀rọ tó bá lè gé igi ńlá á lè gé kékeré. Ó gé e lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ni mo ń fi í ré láti àárọ̀, nígbà tí yóò sì fi di ọ̀sán, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè gbé ife omi dé ẹnu láì jẹ́ kó dà sí mi láyà. Ọ̀rẹ́ mi tó mú 50 cc wá ti ṣe tirẹ̀ tán, ó jókòó sórí gẹdú, ó ń pọ́n ṣéènì rẹ̀, ó ń wò mí.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí n bá òun yan ẹ̀rọ, ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé: igi wo lẹ máa ń gé jù? Kì í ṣe igi tó tóbi jù tí ẹ ti gé rí o. Èyí tí ẹ ń bá pàdé ní ọjọ́ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mò ń bi yín.

Ti oníṣẹ́ yàtọ̀ sí ti ilé

Ẹ má wo àwọ̀. Àwọ̀ kan náà ni iléeṣẹ́ kan fi ń kun ẹ̀rọ tó fẹ́ kí ẹ máa fi gé ẹ̀ka lẹ́yìn ilé àti èyí tó ṣe fún àwọn onígẹdú. Ẹ má sì wo cc nìkan. Ẹ gbé ẹ̀rọ méjì tí iléeṣẹ́ Husqvarna ṣe síwájú: 455 Rancher jẹ́ 55.5 cc, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 2.6 kW. 550 XP Mark II jẹ́ 50.1 cc péré, ṣùgbọ́n 3.0 kW ló ń mú jáde, ó tún fúyẹ́ ju ìkíní lọ. Ẹni tó bá fi cc rajà á gbé Rancher lọ sílé, á sì rò pé òun ló jèrè. Rancher kì í ṣe ẹ̀rọ burúkú, àgbẹ̀ tó ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ á gbádùn rẹ̀. Kì í kàn ṣe ẹ̀rọ à-ń-fi-jẹun ni. Lẹ́tà XP yẹn gan-an ni Husqvarna fi ń ya ti oníṣẹ́ sọ́tọ̀. Iléeṣẹ́ Stihl kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀ lára orúkọ ẹ̀rọ, nítorí náà ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Ohun tó wà nínú ni ẹ ń sanwó fún. Nínú ẹ̀rọ oníṣẹ́, mágínísíọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ilé tí kíráǹkì ń yí nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé, ike ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ẹ bá ń lò ó fún wákàtí kan, ẹ lè má mọ ìyàtọ̀. Bí ó bá ń gbóná láràárọ̀ dalẹ́ fún ọdún mélòó kan, mágínísíọ̀mù kì í yẹ̀ kúrò lójú kan, ike a máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bẹ́rìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ẹ̀rọ oníṣẹ́ tún máa ń ní ibi tí ẹ ti lè fi sukuruu kékeré dín ọ́ìlì tó ń lọ sí ṣéènì kù tàbí kí ẹ fi kún un, àti sípúríǹgì tó ń gba gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì kó má baà dé ọwọ́. Ohun kékeré kan wà tí mo fẹ́ràn: nọ́ọ̀tì báà tí kì í já bọ́. Ẹni tó bá ti wá nọ́ọ̀tì nínú ewé gbígbẹ rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ wo wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ìwọ̀n kílò tó wà nísàlẹ̀ yìí kò ní báà àti ṣéènì nínú, kò sì ní epo nínú.

| Ẹ̀rọ | cc | Agbára | Ìwọ̀n |
|---|---|---|---|
| Stihl MS 261 C-M | 50.2 | 3.0 kW | 4.9 kg |
| Husqvarna 550 XP Mark II | 50.1 | 3.0 kW | 5.3 kg |
| Stihl MS 462 C-M | 72.2 | 4.4 kW | 6.0 kg |
| Husqvarna 572 XP | 70.6 | 4.3 kW | 6.6 kg |
| Stihl MS 500i | 79.2 | 5.0 kW | 6.2 kg |
| Stihl MS 661 C-M | 91.1 | 5.4 kW | 7.4 kg |
| Husqvarna 395 XP | 93.6 | 4.9 kW | 7.9 kg |

Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ rírẹ́ ẹ̀ka, gígé igi ìdáná, àti igi tí ẹnì kan lè fi ọwọ́ méjèèjì gbá mọ́ra, ẹ dúró sí 50 cc. Láàárín MS 261 àti 550 XP, tí ẹ bá bi mí, ẹ ra èyí tí ẹ lè tètè rí ẹni tún un ṣe. Agbára wọn dọ́gba, ìyàtọ̀ 0.4 kg kò sì tó nǹkan tí a ń torí rẹ̀ jà.

Àárín, láti 70 cc dé 80 cc, ni ọ̀pọ̀ onígẹdú ń parí sí, ibẹ̀ lèmi náà sì parí sí. MS 462 fúyẹ́ gan-an fún agbára tó ní. 572 XP fi 0.6 kg wúwo jù ú lọ, ó sì máa ń hàn nígbà tí ẹ bá ń gbé e gun òkè, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lò ó kì í tètè fi sílẹ̀, ó máa ń dúró pẹ̀sẹ̀ nínú igi.

Ẹ wá wo MS 500i àti 395 XP. Èyí àkọ́kọ́ fi cc mẹ́rìnlá dín, síbẹ̀ agbára rẹ̀ fi díẹ̀ jù, ó sì fi 1.7 kg fúyẹ́ jù. Òun ni ẹ̀rọ ìgégi àkọ́kọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà wọn epo dípò kábúrétọ̀. Kò sì sí ṣóòkù tí ẹ ó máa fà. Stihl sọ pé ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan ló fi ń mú ṣéènì láti ibi tó dúró sí dé 100 km/h. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tíì yá a lò, mo sì mọ̀ ọ́n lọ́wọ́: kí n tó parí títẹ̀ ẹ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ igi. Ohun tí mo ní sí i kò ju ọ̀kan lọ. Bó bá kọṣẹ́, sukuruudíráfà kò lè ran yín lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò rẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jìnnà sí yín, ó yẹ kí ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. 395 XP, ní tirẹ̀, ẹ̀rọ àtijọ́ ni: ẹ́ńjìnnì, kábúrétọ̀ tí ẹ lè fi ọwọ́ ṣètò, ó tán.

Ta ló wá nílò 90 cc? Ẹni tó ń fi báà gígùn gé igi tó nípọn lójoojúmọ́, tàbí tó ń la gẹdú sí pákó. Pákó lílà ni iṣẹ́ tó ń pa ẹ̀rọ jù, nítorí ẹ ó tẹ̀ ẹ́ dé ìdí, ẹ kò sì ní jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Àwọn tó fi pákó ṣe iṣẹ́ pátápátá ń lọ sí MS 881 tàbí Husqvarna 3120 XP, èyí tí ìwọ̀n wọn tó kílò mẹ́wàá. Ẹ̀rọ ńlá mi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, alápákó kan ló rà á lọ́wọ́ mi. Inú rẹ̀ dùn, inú èmi náà sì dùn.

Ṣéènì ni iṣẹ́ wà

Bí mo bá fẹ́ yan láàárín ẹ̀rọ 50 cc tí ṣéènì rẹ̀ mú àti 70 cc tí tirẹ̀ ti kú, 50 cc ni n ó mú. Ẹ wo ohun tó ń tú jáde lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ èérún igi tó fẹ̀ ló ń dà sí bàtà yín, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀ kíkúnná bí ìyẹ̀fun, tí ẹ sì ń fi ara ti ẹ̀rọ kó tó wọlé, ẹ dúró, ẹ pọ́n ọn.

Ẹni tó ṣe irú eyín tí a ń lò lónìí, Joseph Cox, agégi ni, ní Oregon ní Amẹ́ríkà. Ní 1946 ó dúró ti kùkùté kan, ó ń wo idin tó ń jẹ igi náà. Ó rí i pé idin yìí ń fi ẹnu rẹ̀ jẹ ẹ́ sọ́tùn-ún, sósì, kò sì bìkítà bóyá bí igi ṣe là ni tàbí òdìkejì rẹ̀. Ó wá fi ìrin ṣe irú ẹnu yẹn. Bí ẹ bá wo ṣéènì yín, ẹ ó rí i: eyín kan kọjú sọ́tùn-ún, èyí tó tẹ̀ lé e kọjú sósì.

Títóbi ṣéènì mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lórí ẹ̀rọ oníṣẹ́, íǹṣì ni wọ́n fi ń kà á: .325, 3/8 àti .404. Ẹ̀rọ 50 cc sábà máa ń lo .325, ti àárín ń lo 3/8, àwọn òmìrán ló ń lo .404. Ṣéènì, báà àti sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì (àgbá eléyín tó ń yí ṣéènì) gbọ́dọ̀ bára mu, bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ó ń jẹ àwọn yòókù. Fáìlì náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: 4.8 mm fún .325, 5.2 tàbí 5.5 mm fún 3/8 gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe ṣéènì náà bá ṣe kọ ọ́, 5.5 mm fún .404. Eyín tí igun rẹ̀ ṣe ṣóńṣó máa ń sáré nínú igi mímọ́, ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ ti tó láti pa á. Eyín tí igun rẹ̀ yípo díẹ̀ kò yára tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ń fara da igi gbígbẹ àti igi tí wọ́n ti wọ́ nílẹ̀. Èyí ni mo ń lò jù.

Òkè kékeré tó wà níwájú eyín kọ̀ọ̀kan, òun ló ń sọ bí eyín yóò ṣe bu igi tó. Ó yẹ kó fi nǹkan bíi 0.65 mm relẹ̀ ju eyín lọ. Ọ̀pọ̀ ń pọ́n eyín, wọ́n ń gbàgbé òkè yìí, wọ́n á wá ní ṣéènì mú ṣùgbọ́n kò gégi. Àwọn mìíràn a rẹ́ ẹ wálẹ̀ jù, ẹ̀rọ á sì máa jà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Epo

Ìwọ̀n 50:1: lítà 5 bẹntiróòlù, mílílítà 100 ọ́ìlì onísìtírókù-méjì. Ẹ fi ike ìwọ̀n wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ojú wọ̀n. Mo ti pa písítìn kan rí nítorí mo gbé kẹ́ẹ̀gì tí kò ní ọ́ìlì, mo rò pé èyí tí mo ti pò ni. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ohùn ẹ̀rọ yí padà, ó ké tín-ín-rín, ó sì dákẹ́. Kọ̀ǹpútà M-Tronic ti Stihl àti AutoTune ti Husqvarna ń ṣètò epo àti afẹ́fẹ́ fúnra wọn, àmọ́ wọn ò lè mọ̀ pé ẹ gbàgbé ọ́ìlì. Kẹ́ẹ̀gì tí mo pò epo sí ti ní okùn pupa lọ́rùn báyìí. Epo tí ẹ bá ti pò, ẹ má jẹ́ kó ju oṣù kan lọ.

Lọ́wọ́ yín

Imú báà, ní apá òkè rẹ̀, ni ewu wà. Bí ibẹ̀ bá kan igi lójijì, gbogbo ẹ̀rọ á fò padà sí ojú yín kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ìdí tí a fi ń ki àtàǹpàkò òsì yí ọwọ́ iwájú ká nìyẹn, tí a kì í fi í gbé e lé orí ọwọ́ náà bí ẹni tó ń di igi ọkọ́ mú. Ẹ má gbé ẹ̀rọ ga ju èjìká lọ. Ẹ dán búrèkì ṣéènì wò láràárọ̀: kí ṣéènì máa yí, ẹ ti ìdábòbò tó wà níwájú ọwọ́ òsì síwájú, ṣéènì gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má ra ẹ̀rọ láì ra ṣòkòtò rẹ̀. Òwú gígùn ló kún inú ṣòkòtò yẹn. Bí ṣéènì bá fà á ya, òwú á wé mọ́ sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì, á sì dá a dúró. Ṣòkòtò Kílààsì 1 ni wọ́n dán wò pẹ̀lú ṣéènì tó ń sá ní mítà 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ̀rọ oníṣẹ́ púpọ̀ sì ń sá ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ìdí, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀wù irin. Bí ṣéènì bá ti já a lẹ́ẹ̀kan, ẹ jù ú nù. Ti etí pẹ̀lú: ariwo rẹ̀ ju 100 dB lọ.

Bó bá jẹ́ àlòkù

Mo máa ń mú sukuruudíráfà lọ. Mo ń tú sàlẹ́ńsà, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì wo písítìn láti ihò èéfín. Bí ara rẹ̀ bá ń dán, tí kò sí ìlà gígùn lórí rẹ̀, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ owó. Bí mo bá rí ibi tó ti ha, mo ń dá sàlẹ́ńsà padà, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà. Lẹ́yìn náà mo ń fi ọwọ́ kan di okùn ìfà mú, mo ń jẹ́ kí ẹ̀rọ rọ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ó yẹ kó máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó máa dúró, kó tún máa wálẹ̀. Èyí tó bá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí àpò, agbára ìfúnpọ̀ rẹ̀ ti tán, bó ti wù kí ara rẹ̀ mọ́ tó.