Ẹ̀kọ́ Cantonese tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ pé "mo ti gbàgbé"

Ẹ̀kọ́ àfetígbọ́ kan wà lórí fóònù mi tí mo ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, tó ń kọ́ni ní Cantonese, èdè Ṣáínà tí wọ́n ń sọ ní Hong Kong. Apá tó dá lórí ìgbàgbé nìkan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, nítorí ní Hong Kong tí mò ń gbé yìí, ojoojúmọ́ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ta sí mi létí.

Ohun tó kọ́kọ́ wù mí ni pé "m4 gei3 dak1", ìyẹn "mi ò rántí", ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. "Mong4 gei3", ìyẹn "gbàgbé", tó kún inú ìwé kì í sábà jáde lẹ́nu ará ọjà. Tó bá ti bọ́ lórí pátápátá, wọn a fi "zo2" kún un: "m4 gei3 dak1 zo2". Ohùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà èdè náà ni àwọn nọ́ńbà yẹn ń tọ́ka sí. Gbólóhùn yìí ò le fún ọmọ Yorùbá: m4 wà nísàlẹ̀, gei3 láàárín, dak1 lókè. Òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ṣì ń làágùn lé e lórí.

Ìtàkùrọ̀sọ inú bọ́ọ̀sì ni mo gbádùn jù. Obìnrin kan ń tú báàgì rẹ̀ kiri, kò rí Octopus, káàdì tí wọ́n ti fi ń wọkọ̀ níbí láti 1997. Ó ní: "M4 gei3 dak1 daai3 baat3 daat6 tung1!", ìyẹn "mi ò rántí mú Octopus!" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín: "Daai6 tau4 haa1!" Edé olórí ńlá, èyí ni onígbàgbé. Wọ́n kìlọ̀ pé ojúlùmọ̀ ni ká máa fi ṣẹ̀fẹ̀, ká má dán an wò lọ́dọ̀ ọ̀gá. Onígbàgbé tún ń jẹ́ "sat1 wan4 jyu4", ẹja tí ẹ̀mí rẹ̀ ti ṣáko lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ẹja àtedé ṣẹ̀ wọ́n gan-an?

Wọ́n sáré kọjá lórí "lau6", ìyẹn kéèyàn gbàgbé nǹkan síbì kan, kò sì dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi agboòrùn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ á ní: "Lau6 zo2 baa2 ze1 hai2 baa1 si2 dou6." Gbólóhùn tó wúlò lọ́jọ́ òjò nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì pè é.

Ẹ̀rọ tó ń fún wa ní máàkì ló burú jù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ba gbogbo ohùn gbólóhùn kan jẹ́, ó ní mo gba gbogbo máàkì. Ẹ pa á tì, kí ẹ máa tẹ̀ lé ohùn àwọn tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ Cantonese kà kó wá ẹlòmíì, torí kò sí lẹ́tà Ṣáínà kankan níbẹ̀. Ní tèmi, mo ti san ti oṣù tó ń bọ̀.