Bátìrì Kejì fún Kárávàánù: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Rà Á ní Àbújá àti Òkè Ọya

Ẹni tó bá fẹ́ fi bátìrì kejì sínú ọkọ̀ tàbí kárávàánù (ilé orí táyà tí ọkọ̀ ń fà) kó lè máa gbé iná kárávàánù, iye owó bátìrì ló sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń ṣòfò. Ohun tó ń pinnu bóyá fíríìjì á ṣì tutù nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ní Yankari ni ọ̀nà tí iná ń gbà kúrò lára alternator (ẹ̀rọ tó ń pèsè iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́) dé ọ̀dọ̀ bátìrì náà, ìyẹn ohun tó so wọ́n pọ̀, wáyà, àti fíúsì. Bí ọ̀nà yẹn kò bá dára, bátìrì tó wọ́n jù lọ ní Apo Mechanic Village kò ní kún láé. Torí náà, ọ̀nà la máa kọ́kọ́ fi wéra kí a tó dé orí bátìrì.

Ẹ má sì rò pé bátìrì tó ń sítáàtì ọkọ̀ lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Pẹlẹbẹ òjé inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpíà jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí alternator sì dá a padà kíá. Bí fíríìjì bá fà á gbẹ mọ́jú lẹ́ẹ̀mélòó kan, òjé náà á máa rẹ̀ dànù nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ọkọ̀ kò ní jí, inú igbó lẹ ó sì wà.

Iye iná tí ọ̀sán àti òru kan ń jẹ

Fíríìjì 12V oníkọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó gba lítà 40 ń fa nǹkan bí 4A nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Nínú ooru oṣù kẹta ní Àbújá, ó lè ṣiṣẹ́ fún ìdajì ọjọ́, ìyẹn 48Ah (áńpíà ní ìlọ́po wákàtí). Fáànù 1.5A fún wákàtí 8 jẹ́ 12Ah. Gílóòbù LED mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 5W, fún wákàtí 5, jẹ́ nǹkan bí 6Ah. Ẹ fi 8Ah kún un fún fóònù àti Wi-Fi. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 74Ah. Ẹni tó bá ń lọ sí Sókótó tàbí Maiduguri ní oṣù kẹrin, tí ooru ibẹ̀ máa ń ju 40°C lọ, kó ṣírò 90Ah.

Kẹ́tùlù, áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ amúlétutù kò sí nínú ìṣírò yìí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n kún un fún yín. Ohun tó ń jẹ 1000W lórí inverter ń fa nǹkan bí 95A lára bátìrì 12V. Gáàsì ni kí ẹ fi se omi gbígbóná.

Ẹ wọn alternator kí ẹ tó ná kọ́bọ̀

Ẹ wa ọkọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa. Ẹ tan iná iwájú, kí ẹ fi mítà wọn orí méjèèjì bátìrì ọkọ̀, rere àti òdì, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá dúró láàárín 13.8V sí 14.4V, alternator àtijọ́ ni, ọwọ́ yín ṣì gbòòrò láti yan ohun tó wù yín. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní 14V nígbà tó tutù, tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí 13.3V nígbà tó gbóná, alternator tó ń dín iná kù nítorí ooru ni. Ẹ máa rí èyí lára àwọn Hilux àti Prado tọ́kùnbọ̀ kan. Bí ó bá ń fò láàárín 12.4V sí 14.8V, tó ń lọ sókè nígbà tí ẹ bá ṣíwọ́ lórí tọ́tù, tó sì ń sọ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń darí rẹ̀. Àwọn Sprinter àti Transit tuntun tó jẹ́ Euro 5 tàbí Euro 6 sábà máa ń ní irú rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀. Òun ló máa yan ohun tí ẹ máa rà.

Ọ̀nà mẹ́rin tí wọ́n ń gbà so ó

Èyí tó rọjú jù ni rìléè (swíìṣì tí iná ń tàn) ńlá tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ń darí. Rìléè tí wọ́n ṣe láti wà ní títàn fún wákàtí púpọ̀ ni kó jẹ́, kì í ṣe sólénọ́ìdì sítátà. Wọ́n ṣe ìyẹn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré, yóò gbóná títí yóò fi jó. Ìṣòro rẹ̀ ni ibi tí wáyà tó ń tàn án ti ń wá. Bí rìwáyà bá mú un lára ìlà IGN (ìlà iná ẹ́ńjìnnì), bátìrì méjèèjì á ti so pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń sítáàtì, sítátà á fa iná gba inú wáyà kárávàánù, fíúsì á sì jó. Bí ó bá mú un lára ìlà ACC (ìlà rédíò), ìyẹn ń kú nígbà sítáàtì, ó dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, tí ẹ sì fi rédíò sílẹ̀, fíríìjì á máa fa bátìrì ọkọ̀ lábẹ́lẹ̀.

VSR ló yanjú ìyẹn. Rìléè ni òun náà, ṣùgbọ́n ó ń fúnra rẹ̀ wo agbára iná: bí bátìrì ọkọ̀ bá dé nǹkan bí 13.3V, á so wọ́n pọ̀. Bí ó bá sọ̀ dé 12.8V, á já wọn. Victron Cyrix-ct 120A jẹ́ irú rẹ̀. Fún Hiace tàbí Land Cruiser àtijọ́ tó ní bátìrì AGM (bátìrì olójé tí a ti dí pa, tí kì í gba omi), ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì ní ohun púpọ̀ tó lè bàjẹ́. Àmọ́ kò lè fi kún iná tí alternator bá fún un. AGM ń fẹ́ 14.4V sí 14.7V kó tó lè kún. Alternator tó ń fúnni ní 13.3V nínú ooru á fi bátìrì sílẹ̀ láìkún, lójoojúmọ́, sulphate funfun á sì máa dì mọ́ òjé rẹ̀ títí agbára rẹ̀ á fi parẹ́. Lórí alternator tí kọ̀ǹpútà ń darí, yóò máa já, yóò máa so, yóò máa já.

Ẹ má fi VSR so lithium. Lithium tó kún máa ń jókòó ní nǹkan bí 13.3V láìsí ohun tó ń gba iná sí i. VSR á rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, kò ní já, bátìrì méjèèjì á sì jọ máa ṣófo. Èyí tó tún burú ni pé lithium kì í ṣọ́ra fún alternator: iyekíye tó bá rí ni á fà. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya sí Mararaba, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí díẹ̀díẹ̀, tí fáànù alternator kò sì rí afẹ́fẹ́ fẹ́, ibẹ̀ ni wáyà inú alternator ti ń jó.

Ṣájà DC-DC ni ìdáhùn fún gbogbo èyí. Ó ń gba iná tó bá wá, ó ń gbé e sókè sí iye tí bátìrì ń fẹ́, ó sì ń fi òpin sí iye áńpíà: 20A, 25A, 30A tàbí 40A. Ó wọ́n ju VSR lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Síbẹ̀, bí ẹ bá ra lithium, tàbí tí mítà yín bá fi 13.3V tàbí iná tó ń fò hàn, ẹ má wá ẹ̀dínwó níbi yìí. 30A á dá 74Ah padà láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀ lórí ìrìn. Ìrìn Àbújá sí Jos ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo ibi tí ẹ máa so ó mọ́. Púpọ̀ nínú wọn, títí kan Victron Orion-Tr Smart, máa ń dín iná kù bí ibi tí wọ́n wà bá ju 40°C lọ, nítorí náà abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kọ́ ni ilé wọn. Redarc BCDC1225D wà lára àwọn tí wọ́n ṣe fún abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ní ibi tí pánẹ́lì sólà ti ń wọlé. Lórí alternator tí kọ̀ǹpútà ń darí, ẹ gbọ́dọ̀ so wáyà kékeré tó ń sọ fún ṣájà pé ẹ́ńjìnnì ti tàn.

Ọ̀nà kẹrin ni àpótí agbára tó ní bátìrì, inverter àti ṣájà nínú, bíi EcoFlow tàbí Bluetti. Kò sí lílu ihò. Fún ọkọ̀ ọ́fíìsì tàbí ọkọ̀ àyálò, òun nìkan ló bójú mu. Ṣùgbọ́n ihò sìgá ọkọ̀ kì í sábà fún un ní ju nǹkan bí 100W lọ: èyí tó gba 1kWh á lo bíi wákàtí 10 kó tó kún lójú ọ̀nà. Iná ilé ni kí ẹ fi kún un kí ẹ tó gbéra, kí ẹ má sì fi í sínú ọkọ̀ tó tì pa nínú oòrùn ọ̀sán.

Bátìrì gan-an

| | Olómi, deep-cycle (tó ṣeé fà jìn) | AGM | Lithium (LiFePO4) |
|---|---|---|---|
| Ìwúwo 100Ah | nǹkan bí 25kg | 28 sí 30kg | 11 sí 13kg |
| Ìwọ̀n tó ṣeé lò | ìdajì | ìdajì | 80 sí 90% |
| Ìtọ́jú | omi bátìrì, afẹ́fẹ́ | díẹ̀ | kò sí |
| Inú ibi tí ènìyàn ń sùn | rárá | nínú àpótí tó ní ihò afẹ́fẹ́ | bẹ́ẹ̀ ni |

Fún 74Ah wa, AGM 150Ah ni ẹ máa rà, tàbí lithium 100Ah. Nǹkan bíi 43kg àti 12kg nìyẹn. Lórí kárávàánù, ìyàtọ̀ ìwúwo yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ̀gbẹ́ ásùlù ni kí bátìrì wà; bí ẹrù bá wúwo jù ní ìdí kárávàánù, yóò máa jù sọ́tùn-ún sósì lórí eré.

Bátìrì tubular 200Ah ti inverter tó wà nínú ilé yín kò sí nínú àtẹ yẹn torí a kò fara mọ́ ọn rárá. Ó ga, ó lè wúwo tó 60kg, ó kún fún ásíìdì, a sì ṣe é láti dúró sójú kan. Gálọ́ọ̀pù ọ̀nà wa á da ásíìdì sílẹ̀ lára rẹ̀. Bátìrì olómi èyíkéyìí tún máa ń tú afẹ́fẹ́ hydrogen jáde nígbà tó bá ń gba iná, èyí tí ìpàràpàrá iná kékeré kan lè tàn.

Ooru ni ọ̀tá tó le jù níhìn-ín. Bátìrì olójé ń pàdánù nǹkan bí ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ fún gbogbo 10°C tó bá fi ju 25°C lọ. Lithium ní BMS, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ, tí kì í jẹ́ kó gba iná mọ́ bí ooru bá pọ̀ jù. Ìwé tó bá a wá á sọ ìwọ̀n rẹ̀. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kò dára fún èyíkéyìí nínú wọn ní Òkè Ọya.

Ayédèrú lithium pọ̀. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n: 100Ah tí kò tó 9kg, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Ojúlówó 100Ah jẹ́ 1280Wh. Bí ó bá kún, gílóòbù tàbí fáànù tó ń jẹ 100W yẹ kó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún bíi wákàtí 12. Ẹ jẹ́ kí òǹtajà gbà fún ìdánwò yẹn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ sì ra mítà oní-shunt (èyí tó ń ka áńpíà tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde) mọ́ ọn, torí agbára iná lithium kì í yí padà tó bí ó ṣe ń ṣófo. Mítà lásán kò lè sọ iye tó kù nínú rẹ̀.

Wáyà àti fíúsì

Ibí ni rìwáyà ti máa ń fẹ́ tètè parí iṣẹ́. Láti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé ìdí ọkọ̀ jẹ́ bíi mítà 6, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ mítà 12. Bí 25A bá ń kọjá nínú rẹ̀, wáyà 6mm² á jẹ 0.88V lójú ọ̀nà, 10mm² á jẹ 0.53V, 16mm² á jẹ 0.33V, 25mm² á jẹ 0.21V. Alternator tó fúnni ní 13.8V, VSR àti 6mm²: 12.9V ló kù fún bátìrì. Kò lè kún láé. Ẹ lo 16mm² fún ṣájà DC-DC, 25mm² fún VSR.

Ẹ fi ọ̀bẹ ha wáyà kí ẹ tó sanwó. Bí inú bá funfun lábẹ́ àwọ̀ pupa bàbà, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà bò. Iná tó lè gbé kò ju bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti bàbà ojúlówó lọ, orí rẹ̀ sì máa ń tú.

Fíúsì méjì ni: ọ̀kan níbi bátìrì ọkọ̀, èkejì níbi bátìrì kejì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má jìnnà ju 20cm lọ sí orí rere. Bí wáyà bá bó mọ́ irin láàárín, bátìrì méjèèjì ló máa tú iná sí i, fíúsì kan ṣoṣo kò lè dá èkejì dúró. Fún ṣájà 30A, ẹ fi 60A; fún VSR lórí 25mm², 100A. Kó jẹ́ MIDI tàbí MEGA tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì dè, kì í ṣe ti gíláàsì. Ibi tí wáyà bá ti gba irin kọjá, ẹ fi rọ́bà sí i, kí ó sì jìnnà sí sàlẹ́ńsà àti páìpù bíréèkì.

Láàárín ọkọ̀ àti kárávàánù, púlọ́ọ̀gì Anderson 50A ni kí ẹ lò, rere àti òdì. Pín-ìn kékeré inú púlọ́ọ̀gì iná ẹ̀yìn á gbóná lábẹ́ 30A. Ẹ má sì jẹ́ kí òdì gba orí bọ́ọ̀lù tí ẹ fi ń fa kárávàánù: ọ̀rá àti ìpẹtà á dí i.

Sólà

Bí ẹ bá ń dúró sójú kan ju ọjọ́ méjì lọ, ẹ nílò rẹ̀. Pánẹ́lì 100W tó sùn gbalaja lórí òrùlé lè fúnni ní 25 sí 30Ah lọ́jọ́ tí oòrùn dára ní Àbújá, nítorí náà 200W ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, pẹ̀lú MPPT, ẹ̀rọ tó ń darí iná pánẹ́lì lọ sínú bátìrì. Nígbà ọyẹ́, ẹ nù ún ní àràárọ̀.

Kí ẹ tó san owó rìwáyà tán

Ẹ fi fíríìjì àti fáànù fa bátìrì kejì dé ìdajì. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ jẹ́ kó gba iná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ fi mítà wọn orí bátìrì kejì, kí ẹ sì wọn ibi tí iná ti ń jáde lára VSR tàbí ṣájà: ìyàtọ̀ tó bá ju 0.3V lọ túmọ̀ sí pé ìsopọ̀ kan kò dára. Ẹ fi ọwọ́ kan ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan; èyí tó bá gbóná ju wáyà tó wọ inú rẹ̀ lọ, kí rìwáyà gé e, kí ó sì fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ pàtó tẹ òmíràn, kì í ṣe òòlù. Lẹ́yìn náà ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi ohun gbogbo sílẹ̀ mọ́jú, kí ẹ wọn bátìrì ọkọ̀ láàárọ̀. Bí bátìrì ọkọ̀ yín bá dára, tó sì kún lálẹ́, 12.5V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fi hàn pé wọ́n já kúrò lára ara wọn. Bí ó bá jẹ́ 12.1V, rìléè tàbí wáyà tó ń tàn án kò tọ́, kí rìwáyà padà sẹ́nu iṣẹ́.