Signal tàbí Telegram: èwo ló ń bo àṣírí?

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń rò pé ọ̀kan náà ni áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ méjèèjì yìí. Irọ́ ni o. Lórí Signal, o ò ní tẹ nǹkan kan: látorí fóònù rẹ ni ọ̀rọ̀ ti ń tì pa, fóònù ẹni tí o kọ ọ́ sí nìkan ló lè ṣí i. Ti Telegram, orí kọ̀ǹpútà wọn lọ̀rọ̀ rẹ ń gbé, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ wọn, àfi tí o bá wọ ibi àwòrán ẹni náà, tí o yan "Secret Chat" (ìjíròrò àṣírí) fúnra rẹ. Ti gúrúùpù Telegram ńkọ́? Secret Chat ò sí níbẹ̀ rárá.

Òótọ́ ni pé Signal máa gba nọ́ńbà rẹ (èyí ò dùn mọ́ mi), ṣùgbọ́n láti 2024, o lè fi orúkọ ìnagijẹ bá èèyàn sọ̀rọ̀ láìfún un ní nọ́ńbà.