Ìtọ́kọ̀ Tí Ẹ̀rọ Ń Ràn Lọ́wọ́, Tí Ọwọ́ Sì Tún Lè Yí: Ohun Tí Ojú Mi Rí Láàárín Ọdún Mẹ́rin

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń lo ẹ̀rọ ìtọ́kọ̀ tí ó ní agbára ìrànlọ́wọ́ lórí ọkọ̀ iṣẹ́ kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 16, tí ó ń kó èrò àti ẹrù, tí ó sì ní ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo àti ìtọ́kọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ni irin pẹlẹbẹ inú omi ní ìdí ọkọ̀ tí ó ń yí ojú ọkọ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ náà, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ rò kan gbogbo irú ẹ̀rọ báyìí ju ti ilé iṣẹ́ kan lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀, bí ó bá sì di ọ̀ràn kí n tún òmíràn rà, òun náà ni n ó rà. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tí ó tà á fún wa fi yangàn jù lọ, ìyẹn ni pé bí ẹ̀rọ bá kú, ọwọ́ ṣì wà ńbẹ̀, ni ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dójú tì mí lójú èrò.

Sítíárìn oníháídírọ́líìkì lásán ni ọkọ̀ náà ń lò tẹ́lẹ̀. Páǹpù kékeré kan wà ní ìdí sítíárìn nínú yàrá atukọ̀. Bí a bá ti ń yí sítíárìn, páǹpù yìí a máa ti ọ́ìlì gba inú páìpù lọ sí ìdí ọkọ̀, ọ́ìlì a ti irin inú sílíńdà, irin náà a ti apá tí ó wà lórí òpó ìtọ́kọ̀, ìtọ́kọ̀ a sì yà. Agbára tí apá ènìyàn bá ní náà ni agbára tí ìtọ́kọ̀ ní. Bí omi bá parọ́rọ́, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá kún ọkọ̀, tí ìgbì sì ń lé wa láti ẹ̀yìn, èjìká a máa sọ tẹnu rẹ̀ bí alẹ́ bá lẹ́.

Ẹ̀rọ tuntun yìí kò yọ ti àtijọ́ dànù. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fi páǹpù kejì, èyí tí ẹ́ńjìnnì ń fi bẹ́líìtì yí, àti àpótí fááfù kan (fááfù ni ohun tí ó ń ṣí ọ̀nà fún ọ́ìlì tàbí tí ó ń dí i), sí àárín páǹpù ìdí sítíárìn àti sílíńdà. Láti ìgbà náà, páǹpù ìdí sítíárìn kì í ṣe iṣẹ́ alágbára mọ́, àṣẹ ni ó ń pa: iye ọ́ìlì tí ó bá tì síwájú ni àpótí fááfù ń wò, tí yóò sì jẹ́ kí ọ́ìlì alágbára ti ẹ́ńjìnnì wọ sílíńdà ní ìwọ̀n kan náà. Bí ọwọ́ bá dúró, ìtọ́kọ̀ a dúró. Ọgbọ́n pé kí ẹ̀rọ máa tẹ̀ lé ọwọ́ kì í ṣe ti òní. Ní ọdún 1866 ni John McFarlane Gray gba ìwé ẹ̀tọ́ oníṣẹ̀dá lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí oru omi gbígbóná ń mú ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n lò nínú ọkọ̀ ńlá Great Eastern, níbi tí ìtọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń dá ẹ̀rọ dúró nígbà tí ó bá dé ibi tí sítíárìn ní kí ó dé.

Ní ti bí ó ṣe rí lọ́wọ́, n kò lè purọ́: ìgbádùn ni. Ìka méjì ti tó láti yí sítíárìn tí mo máa ń fi gbogbo ara yí tẹ́lẹ̀. Sílíńdà wa ń gba ọ́ìlì mílílítà 330 láti òpin kan dé òpin kejì, páǹpù ìdí sítíárìn sì ń ti mílílítà 60 jáde ní ìyípo kan. Bí ẹ bá pín in, ẹ ó rí i pé ìyípo márùn-ún àbọ̀ ni ó gbà láti gbé ìtọ́kọ̀ láti dígírì 35 ní ọ̀tún dé 35 ní òsì. Ẹni tí ó tà á fún wa rọ̀ mí pé kí n mú páǹpù tí ó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìyípo lè dín sí mẹ́ta. Mo kọ̀, n kò sì kábàámọ̀. Nígbà tí agbára ẹ́ńjìnnì bá wà, ìyípo mẹ́ta dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí kò bá sí mọ́, ẹni tí ó dín ìyípo kù ti fi ìwúwo kún ọwọ́ ara rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni yóò fi ìyípo díẹ̀ ṣe. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra irú ẹ̀rọ yìí, kí ó béèrè iye ìyípo àti bí yóò ti wúwo tó ní ọwọ́ lásán, kí ó má kàn gbọ́ ti ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́.

Mo fi aago wọn án. Òfin àgbáyé SOLAS lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, tí a ṣe fún àwọn ọkọ̀ ńláńlá, béèrè pé kí ẹ̀rọ ìtọ́kọ̀ àkọ́kọ́ lè gbé ìtọ́kọ̀ láti dígírì 35 ní ẹ̀gbẹ́ kan dé 30 ní ẹ̀gbẹ́ kejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá 28 nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré dé òpin eré rẹ̀. Kí ti àfidípò, ìyẹn èyí tí a ń lò bí ti àkọ́kọ́ bá kú, sì lè gbé e láti 15 dé 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 60, ní ìdajì eré náà tàbí ní nóòtì 7 (nóòtì ni a fi ń wọn eré ọkọ̀ omi), èyí tí ó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Òfin náà kò mú ọkọ̀ kékeré bíi tiwa, òṣùwọ̀n ni mo fi í ṣe. Tiwa lo ìṣẹ́jú àáyá 14 fún ti àkọ́kọ́. Pẹ̀lú ọwọ́ lásán, ó lo 19 fún ti èkejì. Ibi tí mo ti rí àbùkù ni ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra ṣiṣẹ́. Páǹpù a máa yí díẹ̀díẹ̀ nígbà náà, bí a bá sì yára yí sítíárìn, yóò le gan-an fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó tún rọ̀. Àsìkò tí a ń sún mọ́ èbúté ni ẹ́ńjìnnì sì máa ń rọra ṣiṣẹ́, àsìkò náà ni a kì í fẹ́ kí ohunkóhun gan.

Ní ọdún kejì, bẹ́líìtì já lójú omi. Ọmọ iṣẹ́ mi ni ó wà ní ìdí sítíárìn, ohun tí mo sì gbọ́ ni, "Ọ̀gá, sítíárìn yìí ti le o." Mo ní kí ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un, kí ó sì máa yí i lọ. Ìtọ́kọ̀ ń jẹ́ ọwọ́, kò tilẹ̀ wúwo ju ti ayé àtijọ́ lọ, a sì fi bẹ́ẹ̀ wọ èbúté láìsí ẹni tí ó mọ̀ nínú èrò. Inú mi dùn débi pé mo ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá béèrè pé owó náà kò ṣòfò.

Ọdún kẹta ni mo tó mọ̀ pé mo ti yìn ín jù. A ti pààrọ̀ họ́ọ̀sì kan tí ó ti ń sán lẹ́bàá sílíńdà, a da ọ́ìlì sí i, a yí sítíárìn lọ yí i bọ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a fi ń rìn bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìdọ̀tí dí àsẹ́ epo, ẹ́ńjìnnì sì kú nígbà tí a ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ọkọ̀ tí ó ti dá ìdákọ̀ró. Ọkọ̀ ṣì ní eré lára, ohun tí mo sì nílò kò ju dígírì mẹ́wàá sí òsì lọ. Mo yí sítíárìn lẹ́ẹ̀kan, ó rọ̀. Mo yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó rọ̀ bí ẹni pé kò so mọ́ nǹkan kan. Mo yí i nígbà mẹ́jọ, mo ń wo ọwọ́ aago tí ó ń fi ipò ìtọ́kọ̀ hàn, kò kúrò ju dígírì mẹ́ta lọ, bí mo bá sì dẹwọ́, sítíárìn a tì mí padà díẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn tẹ bọ́ọ̀lù. Ìdákọ̀ró ni ó gbà wá. A sọ ọ́ sómi, ó mú, ọkọ̀ yí ojú padà, a kò kan ẹnikẹ́ni.

Afẹ́fẹ́ ni ó wà nínú ọ́ìlì. Ẹni tí ó bá mọ háídírọ́líìkì yóò béèrè pé báwo ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe kọjá láìhàn. Ìdáhùn rẹ̀ ni ohun tí ó jẹ́ kí n kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ipá díẹ̀ ni páǹpù ìdí sítíárìn ń lò, nítorí pé àṣẹ lásán ni ó ń pa. Afẹ́fẹ́ inú ọ́ìlì kò sì ní fún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ipá díẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, páǹpù kékeré yẹn ni yóò gbé gbogbo ẹrù tí omi dì mọ́ ìtọ́kọ̀, ipá á ga, afẹ́fẹ́ á sún kì, gbogbo ohun tí ọwọ́ bá sì tì yóò tán sórí afẹ́fẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọ́ìlì síìlì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò) tí ó ti jẹ, tàbí fááfù kékeré tí kò yẹ kí ó jẹ́ kí ọ́ìlì padà sẹ́yìn ṣùgbọ́n tí ó ti ń jẹ́ kí ó padà: lábẹ́ ipá díẹ̀, wọn a dákẹ́ bí ẹni pé ara wọn le. Ẹ̀rọ tí ó ń ràn wá lọ́wọ́ náà ni ó ń bo àṣírí àìsàn ohun tí a fẹ́ gbára lé lọ́jọ́ tí òun kò bá sí.

Ọjọ́ kejì ni a yọ afẹ́fẹ́ náà. A fi rọ́bà tín-ín-rín tí ojú rẹ̀ mọ́ so ẹnu sílíńdà mọ́ ìgò tí ọ́ìlì díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mi ń yí sítíárìn jẹ́jẹ́ lókè, mo sì dọ̀bálẹ̀ sí ìdí ọkọ̀ mo ń wo rọ́bà. Ọ́ìlì pupa fẹ́ẹ́rẹ́ náà ń bọ̀ pẹ̀lú ìfófòó bí ọṣẹ, lẹ́yìn náà ó di ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kóńkó kóńkó, títí tí kò fi sí mọ́. Ó gbà wá ní wákàtí kan àti ọ́ìlì tí ó lé ní lítà kan. Ẹ́ńjìnnì ni a pa ní gbogbo àkókò náà, èyí tí ìwé pélébé tí ó bá ẹ̀rọ náà wá kò sọ. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé kí a dán ọwọ́ lásán wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Mo ka èyí sí àṣìṣe ńlá. Fún àwọn ọkọ̀ tí òfin SOLAS mú, ìlànà ni pé kí a yẹ ẹ̀rọ ìtọ́kọ̀ wò láàárín wákàtí 12 kí ọkọ̀ tó gbéra, kí a sì máa ṣe ìdánrawò ìtọ́kọ̀ pàjáwìrì ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Tiwa rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: láràárọ̀, kí a tó tan ẹ́ńjìnnì, a máa yí sítíárìn láti òpin dé òpin, a sì máa ka ìyípo. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, a máa ń fi fááfù àpótí pa agbára ìrànlọ́wọ́ nígbà tí a bá ń rìn ní gbangba omi, nítorí pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté omi kì í ti ìtọ́kọ̀, ipá kì í sì ga tó láti tú àṣírí. Bí ìyípo márùn-ún àbọ̀ bá di mẹ́fà, a ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀.

Ohun kejì tí àwọn tí ó ń tà á kì í là mọ́lẹ̀ ni pé ọwọ́ àti ẹ́ńjìnnì jọ ń lo sílíńdà kan náà, họ́ọ̀sì kan náà àti ọ́ìlì kan náà láti àpótí fááfù dé ìdí ọkọ̀. Ohun tí ọwọ́ rọ́pò ni páǹpù ẹ́ńjìnnì. Bí họ́ọ̀sì bá bẹ́, méjèèjì ni ó lọ. Ọkọ̀ elépo Amoco Cadiz ni ẹ̀rí tí ó burú jù lọ lórí èyí: ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 1978, bóòtù tí ó di ojú páìpù háídírọ́líìkì ìtọ́kọ̀ rẹ̀ mú já, ọ́ìlì dà nù, wọn kò sì rí i tún ṣe títí tí ìjì fi gbé e lu àpáta ní etíkun Brittany ní ilẹ̀ Faransé, tí epo rọ̀bì tí ó lé ní 200,000 tọ́ọ̀nù sì dà sínú òkun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn òfin náà le sí i, débi pé ọkọ̀ elépo tí ó bá tó 10,000 tọ́ọ̀nù ní ìwọ̀n àpapọ̀ gbọ́dọ̀ lè gba ìtọ́kọ̀ rẹ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 45 bí apá kan ẹ̀rọ náà bá kú.

Ọkọ̀ kékeré bíi tiwa kì í sábà ní ẹ̀rọ méjì. Ohun tí ó kù fún wa ni irin gígùn tí a máa ń ki bọ orí òpó ìtọ́kọ̀ láti òkè pẹpẹ ọkọ̀, kí ènìyàn lè fi ara tì í. Ẹ̀rọ tiwa ní in, ṣùgbọ́n nígbà àkọ́kọ́ tí a dán an wò, méjì nínú wa fi ara tì í títí, kò mì. A ti gbàgbé láti ṣí fááfù ìtúsílẹ̀ tí ó wà lára sílíńdà, tí ó ń jẹ́ kí ọ́ìlì rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Bí ó bá wà ní títì, ọ́ìlì tí ó há sínú sílíńdà yóò di ìtọ́kọ̀ mú bí àgádágodo. Ilé iṣẹ́ náà sì fi fááfù yìí sí abẹ́ sílíńdà, níbi tí sípánà kò ti lè yí dáadáa, tí ojú kò sì lè rí i. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni a lò lọ́jọ́ náà. A ti gbé fááfù náà wá sókè, a fi ọ̀dà pupa kùn ún, a so sípánà rẹ̀ mọ́ ọn lára pẹ̀lú ṣéènì. A kì í lò ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ mọ́.

Àwọn àbùkù kéékèèké kò ṣòro: páǹpù náà máa ń dún díẹ̀ nígbà òtútù, àpótí fááfù a máa gbóná, agogo tí ó yẹ kí ó kìlọ̀ pé agbára ìrànlọ́wọ́ ti lọ sì kéré ju ariwo ẹ́ńjìnnì lọ, a fi iná pupa kún un.

Àwọn tí ó bá ní ọkọ̀ tí kò ju mítà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ, tí apá wọn ṣì ń tó sítíárìn yí, n kò rí ìdí tí wọn yóò fi kó ara wọn sínú ìnáwó yìí. Ṣùgbọ́n fún ọkọ̀ iṣẹ́ tí ó ń rìn láti òwúrọ̀ di alẹ́, àǹfààní rẹ̀ hàn. Ní báyìí, mílílítà díẹ̀ ọ́ìlì ti ń yọ lẹ́nu irin sílíńdà ní apá òsì, ìyípo òwúrọ̀ yìí sì jẹ́ márùn-ún àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Mo ti béèrè fún ọ́ìlì síìlì tuntun, ọkọ̀ kò sì ní gbé èrò títí yóò fi dé.