Ará Guna ní Panama: kí wọ́n dúró ní erékùṣù, àbí kí wọ́n ṣí lọ?

Bí ẹ̀fúùfù oṣù kọkànlá bá dé, omi òkun a máa wọlé ní Gardi Sugdub, erékùṣù kékeré kan tí àwọn Guna, ọmọ ìbílẹ̀ Panama, ń gbé.

Ẹni tó bá dúró á máa fi òkúta iyùn tí wọ́n hú nínú òkun àti pàǹtírí kún etí omi. Owó rẹ̀ kéré, ọkọ̀ apẹja sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n iyùn tí wọ́n ń hú yẹn gan-an ló ń dá ìgbì dúró. Wọ́n ń fọwọ́ ara wọn tú ọgbà wọn ni.

Isberyala, àdúgbò tuntun tí wọ́n kọ́ fún wọn lórí ilẹ̀ ńlá, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ní ilé 300. Owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù 12 dọ́là. Omi òkun kì í débẹ̀, àmọ́ ilé kọnkéré máa ń móoru ju ilé imọ̀ ọ̀pẹ lọ.

Ìdílé tí àyè ti fún mọ́, tó ní arúgbó àti ọmọ wẹ́wẹ́: Isberyala. Apẹja tó ń tukọ̀ lójoojúmọ́: erékùṣù ṣì rọ̀ ọ́ lọ́rùn, bí kò bá hú iyùn mọ́.