Wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́ mi lẹ́nu ẹ̀kọ́ bàálù wíwà ní Alákìá

Sátidé tó kọjá ni mo lo èyí tó kẹ́yìn nínú wákàtí mẹ́wàá tí mo sanwó ẹ̀ sílẹ̀ láti kọ́ bàálù wíwà. Ẹni ọdún 41 ni mí, ilé oògùn ni mo ní ní Bódìjà, mi ò sì fẹ́ fi bàálù wíwà jẹun. Ẹgbẹ́dá la gbé dàgbà. Bí bàálù bá ti ń rọlẹ̀ bọ̀ ní Alákìá, pápákọ̀ òfuurufú Ìbàdàn, ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ mi ni mo máa ń jù sílẹ̀, màá sáré jáde síta. Ìfẹ́ yẹn ò kúrò lára mi títí mo fi bímọ mẹ́ta. Ẹni tó bá ní irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú, tó sì ń rò ó bóyá kí òun kówó lé e, òun ni mo ń kọ èyí fún. Mi ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, torí bí màá ṣe sọ ibi tó dáa ni màá sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí òfin ṣe rí. Láísẹ́ǹsì awabàálù aládàáni, èyí tí wọ́n ń pè ní PPL, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rí gbà lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá. Ìlànà ICAO, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù, tó kan gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ náà, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 17, kí dókítà tí wọ́n fún láṣẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì ti fò tó wákàtí 40 ó kéré tán. Nínú 40 yẹn, ó gbọ́dọ̀ dá fi 10 fò láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí ìrìn àjò kan tó gùn tó kìlómítà 270 sì wà nínú ẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin ọ̀nà ni mo ṣì rìn. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ìdá yìí gan-an ló yẹ kí èèyàn fojú sí jù, torí ibẹ̀ ni ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ojú ti ń mọ́ra sí ohun tí wọ́n máa ṣe títí ayé.

Cessna 172 ni wọ́n fi kọ́ mi, oníjókòó mẹ́rin, èyí tí apá ẹ̀ wà lókè orí. Ọdún 1955 ni irú ẹ̀ kọ́kọ́ fò, kò sì sí bàálù mìíràn tí wọ́n tíì ṣe tó o ní iye. Èyí tí mo bá níbẹ̀ ti gbó lójú: awọ ìjókòó ti ya, ọ̀dà ẹnu ilẹ̀kùn ti ń ṣí. Ìyẹn ò dà mí láàmú rárá. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó jẹ́ kí n wọ inú ẹ̀.

Olùkọ́ mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. "Captain" ni mo ń pè é, "mà" ló ń pè mí, àwa méjèèjì la sì ń fi "ẹ" bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká yí i po ná, mà." A wo táyà, a wo bíréèkì, a fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, a nu ún, a tún kì í bọ̀ ọ́. Ó fọwọ́ pa etí abẹ̀bẹ̀ iwájú bóyá òkúta ti jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ife oníke kan tó mọ́ gaara fún mi, ó ní kí n fi gba epo lábẹ́ apá. Ojú ibi mẹ́tàlá ló wà lábẹ́ bàálù yẹn tí a ní láti ti gba epo wò. Wọ́n ti pa epo náà láró kí ojú lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí epo mìíràn. Ó rí bí omi ìkẹyìn tí aláró fi ṣan aṣọ, aró fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ní ojú kẹta, mo rí nǹkan róbótó kan tó ń yí kiri ní ìdí ife, kò ju orí abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ. Omi ni. Òjò ti rọ̀ ní òru, omi sì wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń sá sí. Captain ní, "Bí ìyẹn bá dé inú ẹ́ńjìnnì, ó lè kú lókè." Ó ní kí n máa gbà á títí kò fi ní sí mọ́. Bí mo ṣe máa ń gbé ìgò oògùn sójú iná ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ṣe ń gbé ife yẹn sójú oòrùn, lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ó tó mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń bá mi gba epo wò mọ́. Èmi fúnra mi ni.

Ẹ̀kọ́ kejì ni mi ò lè gbàgbé. Bí èèyàn ṣe ń mú bàálù lọ tààrà, láìgòkè láìsọ̀kalẹ̀, ni à ń kọ́. Èèyàn á rò pé kò sí nǹkan nínú ìyẹn. A gòkè dé 3,000 ẹsẹ̀ bàtà, a kọjú sí omi Aṣéjíire. Gééjì mẹ́fà ló wà níwájú mi, mo sì tẹjú mọ́ èyí tó ń sọ gíga. Bí abẹ́rẹ́ ẹ̀ bá lọ sókè, màá ti ọwọ́ ìtukọ̀ síwájú. Bó bá wálẹ̀, màá fà á padà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ sókè sódò bí ọmọdé lórí jangilófà, tí òógùn sì bò mí. Captain ò bá mi wí. Ó mú ìwé tó wà lórí itan ẹ̀, ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú gbogbo gééjì náà, ó bò wọ́n mọ́lẹ̀ pátápátá.

"Ẹ wo ìta, mà. Ẹ gbé ọwọ́ yín sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìka mélòó ló wà láàárín ibẹ̀ àti ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ọ̀run?"

Mo kà á. Mẹ́rin.

"Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ mẹ́rin."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fẹ́ di márùn-ún, màá fà díẹ̀. Bó bá di mẹ́ta, màá tì díẹ̀. Omi Aṣéjíire ń dán níwájú wa, ọ̀nà Ifẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ lápá kan, bàálù náà sì rọlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n. Nígbà tó ká ìwé kúrò, abẹ́rẹ́ wà ní 3,000, kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Omi lé sí mi lójú. Ọdún méjì gbáko ni mo ti fi ń ṣeré bàálù lórí kọ̀ǹpútà nílé kí n tó lọ síbẹ̀, ó sì ràn mí lọ́wọ́: mo mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà kí wọ́n tó fi hàn mí. Àṣà tí kọ̀ǹpútà náà kọ́ mi, pé kí n máa wo gééjì dípò ìta, ni Captain fi ìwé kan ṣoṣo tú. Olùkọ́ tó bá lè ṣe ìyẹn, owó yòówù tó bá gbà tọ́ sí i.

Ohun kan tún wà tó le fún èmi ọmọ Yorùbá. Bí olùkọ́ bá fẹ́ gba bàálù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tàbí tó fẹ́ dá a padà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní láti sọ ọ́ láàárín ara wọn, kó má bàa jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò dì í mú, tàbí pé àwọn méjèèjì jọ ń fà á. "Ó wà lọ́wọ́ mi." "Ó wà lọ́wọ́ yín." "Ó wà lọ́wọ́ mi." Èmi á ní, "Captain, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ bá mi gbà á díẹ̀." Ó ní, "Mà, ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ sọ ọ́ ní kúkúrú." Ó gbà mí tó ẹ̀kọ́ mẹ́rin kí ẹnu mi tó mọ́ ọn.

Ti stall ńkọ́? Stall kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì kú o, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Apá ni èèyàn gbé imú ẹ̀ sókè ju bó ti yẹ lọ, tí afẹ́fẹ́ tó ń ṣàn lórí ẹ̀ fi já kúrò, tí kò sì lè gbé bàálù mọ́. Ibi gíga la ti ṣe é, ká lè ráyè tún un ṣe. Captain dín iná ẹ́ńjìnnì kù, ó ní kí n máa gbé imú sókè díẹ̀díẹ̀. Ariwo afẹ́fẹ́ rọlẹ̀. Ọwọ́ ìtukọ̀ rọ̀ jọ̀jọ̀ lọ́wọ́ mi, kò jẹ́ mọ́. Ihò kékeré kan wà létí apá òsì; ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọn bíi fèrè. Lẹ́yìn náà ni imú ṣubú. Gbogbo ara ń sọ fún mi pé kí n fà á sókè, ìyẹn gan-an ló sì léwu. Kí èèyàn ti ọwọ́ síwájú kọ́kọ́, kí apá tún rí afẹ́fẹ́ jẹ, kó tó fún un níná, kó wá rọra gbé e. Lẹ́ẹ̀kejì tí mo ṣe é, mo mọ̀ pé mo lè ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà kí wọ́n fo ẹ̀kọ́ yìí fún òun torí ẹ̀rù.

Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́: gééjì gíga ń sọ nǹkan bíi 725 ẹsẹ̀ bàtà nígbà tí a ṣì jókòó sórí ilẹ̀ Alákìá, torí láti orí òkun ló ti ń ka gíga. Rọ́nwè ibẹ̀, ojú ọ̀nà tí bàálù ti ń gbéra tó sì ń balẹ̀ sí, ń jẹ́ 04 ní ìhà kan, 22 ní ìhà kejì, torí pé nǹkan bíi dígírì 40 àti 220 lórí kọ́ńpáàsì ló kọjú sí. Lásìkò òjò, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wá láti ìhà òkun, 22 la sábà máa ń lò, ká lè kọjú sí afẹ́fẹ́. Bàtà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ fẹ́lẹ́ ni kí ẹ wọ̀, torí bí ẹ bá ti ń sáré gbéra, bàálù á máa fẹ́ ya sí òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ ó fi dá a dúró. Ẹ mi ìjókòó yín dáadáa kó há mọ́ àyè ẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Ẹ gba àárọ̀ kùtù: láti bí aago mẹ́wàá lọ, páànù Ìbàdàn á ti gbóná, ooru ẹ̀ á sì máa gbé bàálù kékeré jó. Àárọ̀ kùtù náà lẹ máa rí Ilé Àwòṣífìlà àti Òkè Ààrẹ kedere.

Ó wá ku ohun tó dùn mí. Aago kan wà nínú bàálù náà tí wọ́n ń pè ní Hobbs, ìṣẹ́jú 6 ni ìdá kọ̀ọ̀kan tó ń kà, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti dún ló ti ń kà á. Ọjọ́ kan, a jókòó sí ẹnu rọ́nwè, à ń dúró de bàálù èrò kan kó balẹ̀. Ìdá mẹ́ta lọ, ìṣẹ́jú 18, owó mi ni. Mo bá wọn sọ ọ́, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ibi ṣe ń ṣe é. Mo gbà. Àmọ́ ó yẹ kí wọ́n ti sọ fún mi kí n tó sanwó, kí n mọ̀ pé wákàtí mẹ́wàá kì í ṣe wákàtí mẹ́wàá lókè.

Èyí tó burú jù ni ti ẹ̀kọ́ kẹfà. Mo dé, wọ́n ní Captain ti rìnrìn àjò, olùkọ́ mìíràn ló máa gbé mi. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ò rí àkọsílẹ̀ kankan nípa ohun tí mo ti kọ́, ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Wákàtí kan gbáko ni mo fi ṣe ohun tí mo ti ṣe. Kò sì bá mi jókòó lẹ́yìn tí a balẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú logbook mi, ìwé tí wọ́n ń kọ wákàtí tí mo fò sí, ó lọ. Captain, ní tiẹ̀, máa ń jókòó tì mí fún ogún ìṣẹ́jú, á ya gbogbo ohun tí a ṣe sórí pátákó, á bi mí pé kí ni mo rò pé mo ṣì ṣe. Ogún ìṣẹ́jú yẹn ò sí nínú owó tí mo san, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìdajì ohun tí mo mọ̀. Etí òsì hẹ́dísẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún mi náà ń pariwo ṣáá, débi pé ẹ̀ẹ̀kan ni mo ní kí àwọn tó wà lórí táwà, tí wọ́n ń darí bàálù, tún ọ̀rọ̀ sọ nígbà tí mo fẹ́ ka àṣẹ wọn padà. Mo ti ń fi owó pa mọ́ láti ra tèmi.

Ká fi tòótọ́ gbà fún wọn: lẹ́ẹ̀mejì tí ọyẹ́ bo ojú ọ̀run, tí a ò rí ìta tó kìlómítà 5, wọn ò gbé mi fò, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ kejì nínú rẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n kọ̀. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ìyẹn wà lára ìdí tí mo fi padà sọ́dọ̀ wọn.

Mo ti san ti wákàtí mẹ́wàá mìíràn. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé Captain ni yóò máa kọ́ mi, àti pé bí kò bá sí nílé, kí wọ́n sọ fún mi ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n bu ọwọ́ lù ú. Sátidé yìí, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra ká tún balẹ̀, ká tún gbéra, lórí 22.