Ẹnu àgbà, ìwé, àbí DNA: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ náwó lé tẹ́ ẹ bá ń wá orírun ìdílé yín?

Kẹ́ ẹ tó yọ káàdì báńkì yín, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Lọ́ńdọ̀n ni mò ń gbé, lọ́dún 2019 mo ra àyẹ̀wò DNA kan, mo tutọ́ sínú ike kékeré tí wọ́n fi ránṣẹ́, mo dá a padà, mo wá ń ka ọjọ́. Èsì dé, ó ní Nàìjíríà ló pọ̀ jù lára mi, ìyókù jẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá. Ó tán síbẹ̀. Kò sí agboolé wa, kò sí orúkọ ẹnì kankan tí mo lè béèrè. Ọdún yẹn kan náà ni mo lọ sílé, ìyá àgbà kan tó jẹ́ àbúrò bàbá bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣa ẹ̀wà, bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà mọjọ̀, nígbà tó yá wọ́n dárúkọ obìnrin kan, mo ní ìyá mi, ta nìyẹn, wọ́n ní ìyá tó bí bàbá àwọn ni, Ìkòyí ni wọ́n ti gbé e wá, òun ló jẹ́ kí wọ́n máa ki ọmọ Oníkòyí mọ́ tiwa. Wọn ò tíì ṣa ẹ̀wà yẹn tán tí mo fi rí apá kan ìdílé mi tí n kò gbọ́ rí.

Fún ẹni tó bá ṣì ní àgbà láyé, ẹnu àgbà ló kọ́kọ́, owó ọkọ̀ àti fóònù náà ni.

Tó bá kan ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń wá ìdílé, FamilySearch àti Ancestry làwọn èèyàn máa ń bi mí jù. FamilySearch ò gba kọ́bọ̀, ìjọ Mormon ní Utah l'Amẹ́ríkà ló ni ín, ẹ sì lè gbé ohùn àgbà sórí ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ olóògbé, èyí tó dùn mọ́ mi gan-an. Àmọ́ àtẹ ìdílé kan ṣoṣo ni gbogbo ayé jọ ń kọ níbẹ̀ o, ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí lè wọlé kó so Àdìsá bàbá àgbà yín mọ́ Àdìsá míì, torí náà ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò déédéé. Ti Ancestry, àtẹ tiyín ni tiyín, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó lè ka ọ̀pọ̀ ìwé tó wà níbẹ̀, owó ni. Ẹni tí bàbá bàbá ẹ̀ bá wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Liverpool láyé ìjọba Òyìnbó, owó ẹ̀ ò ní ṣòfò: orúkọ àwọn èrò ọkọ̀ tó wọ Ìlú Ọba láti 1878 sí 1960 wà níbẹ̀, ọjọ́ orí, iṣẹ́, nígbà míì àdírẹ́sì ilé tí wọ́n ń lọ. Ẹni tí ẹbí ẹ̀ ò kúrò ní Òkè-Ògùn rí ńkọ́? Kó má san án. Kódà ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nÍlùú Ọba, ẹ kọ́kọ́ béèrè ní láíbìrì kánsù yín, ọ̀pọ̀ wọn ló ní Ancestry lọ́fẹ̀ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà wọn.

MyHeritage náà ò burú, àmọ́ àtẹ ọ̀fẹ́ ẹ̀ ò gbà ju èèyàn 250 lọ, agboolé wa kan á ti kún un.

Àwọn tí DNA wúlò fún jù ni ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ. L'Amẹ́ríkà, ìkànìyàn ọdún 1870 ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ti oko ẹrú bọ́, ti 1850 àti 1860, ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀ ara ni wọ́n sábà máa ń kọ nípa àwọn ẹrú, lábẹ́ orúkọ olówó wọn. Ní Brazil ìwé ìrìbọmi á pe ìyá àgbà ní Nagô, ní Cuba Lucumí, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn, wọn kì í sábà kọ ìlú ẹ̀. African Ancestry, ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò DNA kan, máa ń dárúkọ ẹ̀yà, ṣùgbọ́n ìlà kan ló ń tọ̀, ti ìyá tàbí ti bàbá, obìnrin tó bá fẹ́ ti bàbá ní láti mú bàbá ẹ̀ tàbí arákùnrin ẹ̀ wá. Tẹ́ ẹ bá ka ìran mẹ́wàá sẹ́yìn, ààyè òbí 1,024 ló wà níbẹ̀, ẹnì kan péré ni èsì yẹn ń sọ. AncestryDNA, àyẹ̀wò ti Ancestry, ló máa fi àwọn ìbátan tó ti ṣe àyẹ̀wò hàn yín. Ẹ rántí 23andMe, ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò DNA míì: lọ́dún 2023 wọ́n jí ìsọfúnni èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méje níbẹ̀, ní March 2025 ilé iṣẹ́ náà lọ kọ́ọ̀tù pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ yín, ti àwọn àbúrò yín náà ni, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó tutọ́.

Èyí táwọn èèyàn ń gbàgbé ni National Archives n'Íbàdàn, ibi tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn (UI). Ẹsẹ̀ lẹ máa fi lọ, ẹ máa jókòó ti fáìlì. Ẹ béèrè ìwé ìjà oyè ìlú yín, torí ibẹ̀ ni àwọn baba wa ti jókòó níwájú ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó tí wọ́n ka ìdílé wọn láti orí dé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n oyè ni wọ́n ń wá, ẹ ka ti ẹ̀gbẹ́ kejì náà.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ ra nǹkan, ẹ ra máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ, kẹ́ ẹ fi gba ohùn àgbà yín sílẹ̀. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ má kọ́kọ́ béèrè ọdún, ẹ béèrè pé ta ló bí ìyá wọn, ìlú wo ni wọ́n ti gbé e níyàwó, kẹ́ ẹ wá dákẹ́.